Aago Mélòó Ló Lù? Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ọmọdé Ní Kíka Aago

Ọ̀pọ̀ òbí ló ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ aago láti ibi tó le jù nínú rẹ̀. Wọn á gbé aago ńlá kọ́ ara ògiri, wọn á pe ọmọ ọdún márùn-ún síwájú rẹ̀, wọn á sì máa ṣàlàyé ọwọ́ méjèèjì, ọgọ́ta ìṣẹ́jú, ààbọ̀ àti "ó ku" ní ìjókòó kan ṣoṣo. Kí àlàyé náà tó parí, ojú ọmọ ti kúrò lára ògiri, inú òbí ti ń ru, àwọn méjèèjì á sì dìde pẹ̀lú èrò pé aago kò wọ orí ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kóra jọ sí ojú aago kan: ọjọ́ kan tí ọwọ́ kúkurú ń yí po lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ méjì tí ìrìn wọn kò dọ́gba, àti nọ́ńbà tó ń jẹ́ orúkọ méjì, tó fi jẹ́ pé ibi tó ń jẹ́ "méjì" fún ọwọ́ kúkurú ló ń jẹ́ "mẹ́wàá" fún ọwọ́ gígùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ohun tí mo sì rí ni pé bí a bá tú nǹkan mẹ́ta yìí ká, tí a fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ la àárín wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ni yóò mọ aago kà kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́jọ, láìsí ẹkún.

Ẹ fi ìkíni bẹ̀rẹ̀

Ọmọ Yorùbá kì í dé ìdí aago lọ́wọ́ òfo. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀ ló ti ń dá àkókò mọ̀, nítorí pé kò lè kí àgbàlagbà láìkọ́kọ́ mọ ìgbà tó wà: ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ kúùrọ̀lẹ́, ẹ káalẹ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá kí Màmá àgbà pé "ẹ káàsán", ẹ bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ pé "ẹ káàárọ̀". Ó lè ní oòrùn ti mú, ó lè ní òun ti ti ilé-ìwé dé, ó sì lè ní àwọn ti jẹun ọ̀sán. Gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà. Ohun tí ẹ ń wá lẹ́nu rẹ̀ ni pé ọjọ́ ní ètò, pé nǹkan kan ń ṣáájú, òmíràn sì ń tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún mẹ́rin sì lè sọ èyí dáadáa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ fún un ní àwọn orúkọ tí ìkíni kò dárúkọ: ìdájí, ìyálẹ̀ta, àṣálẹ́, ọ̀gànjọ́ òru. Ìyálẹ̀ta ti ń parẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ìgboro, ó sì dùn mí, nítorí pé òun gan-an ni àkókò tí wọ́n ń jáde lọ ṣeré nílé-ìwé. Ẹ má ka àwọn orúkọ wọ̀nyí sí ọ̀ṣọ́ lásán. Bí ọmọ bá dé ìdí aago, àwọn ni yóò fi mọ̀ pé aago mẹ́jọ àárọ̀ yàtọ̀ sí aago mẹ́jọ alẹ́, àti pé aago méjì ọ̀sán ni wọ́n ń ti ilé-ìwé dé, nígbà tí aago méjì òru jẹ́ ìgbà tí gbogbo ilé ń sùn. Ẹni tó bá mọ orúkọ ìgbà kò ní ṣì wọ́n gbé.

Oòrùn náà ń ràn wá lọ́wọ́ nílẹ̀ yìí. Ilẹ̀ Yorùbá kò jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀, nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje ni oòrùn ń yọ, ìwọ̀n àkókò bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. A lè sọ fún ọmọ pé kó wo ojú ọ̀run, kó sì wo aago, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yóò bára mu. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn òbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí oòrùn ṣì ń ràn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ nínú oṣù kẹfà, tí ilẹ̀ sì ti ń ṣú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù kejìlá. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni kí irú òbí bẹ́ẹ̀ gbára lé, kì í ṣe ojú ọ̀run: ìgbà tí a fọ eyín, ìgbà tí a wọ bàtà ilé-ìwé, ìgbà tí a pa iná yàrá. Ní ilé àwọn Mùsùlùmí, ọmọ ti mọ àṣùbáà àti mọ̀gàríbì kó tó mọ nọ́ńbà, ó sì yẹ kí a lò wọ́n, àmọ́ kí a má so wọ́n mọ́ nọ́ńbà kan pàtó, nítorí pé oòrùn ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Aago ọlọ́wọ́ kan

Ẹ wá páálí tó nípọn, ẹ da ìdérí ike ọ̀dà dé e, kí ẹ sì fa ìlà yí i ká. Ẹ kọ méjìlá sókè, mẹ́fà sísàlẹ̀, mẹ́ta sí ọ̀tún, mẹ́sàn-án sí òsì, kí ẹ tó wá fi nọ́ńbà méjì-méjì dí àwọn àlàfo tó kù. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan tí ẹ ń kọ ọ́ lọ, ó dájú pé àyè kò ní tó yín tí ẹ bá dé mẹ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ kọ díẹ̀ nínú wọn, kódà bí mẹ́ta rẹ̀ bá kọjú sẹ́yìn. Ẹ gé ọwọ́ kan ṣoṣo, kó kúrú, kó sì sanra, kí ẹ fi òwú àti bọ́tìnnì méjì dè é mọ́ àárín, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kó lè máa yí.

Ọwọ́ kan náà ni mo wí. Ẹ má fi èkejì kún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní irú aago wo nìyẹn, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ni àwọn ará Yúróòpù fi bẹ̀rẹ̀: àwọn aago ńlá tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí ilé ìjọsìn wọn, ọwọ́ kan péré ló wà lójú wọn, ó sì dìgbà tí Christiaan Huygens, ará Netherlands, ṣe aago tó ń fì dùgbẹ̀dùgbẹ̀ ní 1656 kí aago tó péye dé ibi tí ọwọ́ ìṣẹ́jú fi wúlò fún gbogbo ènìyàn. Bí ìlú odindi bá fi ọwọ́ kan gbé ayé wọn, ó yẹ kó tó ọmọ ọdún márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni ọmọ nílò fún ọwọ́ kúkurú yìí. Bó bá wà lórí méje gan-an, "aago méje lù." Bó bá ti kúrò lórí méje díẹ̀, "aago méje ti kọjá." Bó bá wà láàárín méje àti mẹ́jọ, "aago méje ààbọ̀." Bó bá ti sún mọ́ mẹ́jọ, "aago mẹ́jọ ti fẹ́ẹ̀ lù." Bí ọmọ bá béèrè ìdí tí a fi ń sọ pé aago "lù" nígbà tí aago fóònù kì í lu nǹkan kan, ẹ sọ ọ́ fún un pé inú "agogo" ni orúkọ "aago" ti wá, agogo irin tí a ń fi igi lù, àti pé ìró ni àwọn baba wa fi ń gbọ́ wákàtí, láti ilé ìjọsìn àti láti ilé-ìwé, kí aago tó dé ara ògiri wọn.

Òfin kan ṣoṣo wà tí ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ ọmọ: bí ọwọ́ kúkurú bá wà láàárín nọ́ńbà méjì, èyí tó ti fi sílẹ̀ ni a ń pè, kì í ṣe èyí tó ń lọ bá. Ẹni tó kúrò ní Ìbàdàn tó ń lọ sí Ọ̀yọ́, bó tilẹ̀ ti ń rí òrùlé Ọ̀yọ́, kò tí ì dé Ọ̀yọ́. Èyí tó tún yára yé wọn ju ìyẹn lọ ni ọjọ́ orí. Ọmọ tó ku oṣù kan kó pé ọdún méje, ọmọ ọdún mẹ́fà ni, bó ti wù kó máa yan tó.

Ìṣẹ́jú, àti ìṣẹ́jú àwa àgbà

Kí ọwọ́ gígùn tó dé, ọmọ gbọ́dọ̀ mọ bí ìṣẹ́jú kan ṣe gùn tó lára. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ náà: ìṣẹ́jú ni ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ ojú, ìṣẹ́jú àáyá sì ni ti àáyá inú igbó tí ojú rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Àwọn ọmọ fẹ́ràn èyí púpọ̀, kò sì pẹ́ tí wọn á fi bi yín pé báwo ni ènìyàn ṣe lè fi odidi ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá ṣẹ́ ojú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbà fún wọn pé àsọdùn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n di ojú, kí wọ́n sì nawọ́ sókè nígbà tí wọ́n bá rò pé ìṣẹ́jú kan ti pé. Ní kíláàsì mi, ọwọ́ àkọ́kọ́ máa ń yọ kí ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú tó kọjá. Ẹ ṣe é fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ ó rí i pé ara wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n. Ilé ìdáná náà ń kọ́ wọn: ẹ gbé ẹyin kaná, kí ẹ ní kí ọmọ wá pè yín tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pé.

Ohun tó ń ba ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ jù lọ kò sí lọ́wọ́ ọmọ. Ẹnu wa ló wà. Àwa ni a ń sọ pé "mò ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún" tí a sì ń dé lẹ́yìn wákàtí kan. Àwa ni a ń kọ aago mẹ́wàá sára ìwé ìpè àríyá tí kò sẹ́ni tí yóò débẹ̀ kí aago méjìlá tó lù. Bí ọmọ bá ti gbọ́ "ìṣẹ́jú márùn-ún" nígbà ogún tí kò sì bá òótọ́ mu rí, kí ni aago ara ògiri fẹ́ sọ fún un tí yóò gbà? Nítorí náà, fún ìwọ̀nba oṣù tí ẹ fi ń kọ́ ọmọ, ẹ má dárúkọ ìṣẹ́jú bí kò bá jẹ́ òun gan-an ni ẹ ní lọ́kàn. Ẹ sọ pé "ó máa tó díẹ̀", kò sí irọ́ nínú ìyẹn.

Ọwọ́ gígùn dé

Ọmọdé a máa rò pé ọwọ́ tó gùn ni àgbà, nítorí pé nílé, ẹni tó ga ló ń pàṣẹ. Mo máa ń sọ fún wọn pé ọwọ́ kúkurú ni bàbá àgbà: ó sanra, ó ń rọra rìn, òun la sì kọ́kọ́ ń kí. Ọwọ́ gígùn ni ọmọ-ọmọ, tó ń sáré yí gbogbo agbo ilé po lẹ́ẹ̀kan kí bàbá àgbà tó ti orí nọ́ńbà kan dé èkejì. Ọmọ kan sọ fún mi pé, "Àǹtí, bàbá àgbà tiwa ga," mo sì ní kó yáwó bàbá àgbà ẹlòmíràn. Ẹ fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ kun ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ sì jẹ́ kó di àṣà pé bàbá àgbà la ń kọ́kọ́ wò.

Ní ti ìṣẹ́jú, ẹ ní kí ọmọ fi ìka tẹ̀ lé nọ́ńbà láti orí ọ̀kan, kó máa kà á ní márùn-ún márùn-ún: aárùn-ún, ẹẹ́wàá, ẹ́ẹ̀dógún, ogún, ẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n, aárùndínlógójì, ogójì, aárùndínláàádọ́ta, àádọ́ta, aárùndínlọ́gọ́ta, ọgọ́ta. Ó gùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ogún mẹ́ta ló wà nínú ọgọ́ta, àwọn ogún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì rí ibi jókòó sí lójú aago: ogún wà níbi mẹ́rin, ogójì wà níbi mẹ́jọ, ọgọ́ta wà níbi méjìlá. Mo máa ń lẹ bébà aláwọ̀ ewé mọ́ ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gẹ́gẹ́ bí òpó ilé. Ọmọ tó bá ti mọ òpó, bó bá dé ibi mẹ́ta, yóò rí i pé ó ku márùn-ún kó dé òpó ogún, ohun tí ẹ́ẹ̀dógún sì ń sọ nìyẹn. Bákan náà ló rí níbi méje àti níbi mọ́kànlá. Kíkà wa fúnra rẹ̀ ti ń wo iwájú, ó ti ń sọ iye tó dín, nítorí náà "ó ku" kì í ṣe àjèjì sí ọmọ tó bá ń fi Yorùbá ka nǹkan.

"Ó ku" yìí ni yóò tún gba àwọn ọmọ tí kò gbọ́ aárùndínláàádọ́ta rí, wọ́n sì pọ̀ lónìí. Bí ọwọ́ gígùn bá ti kọjá mẹ́fà, a kò nílò nọ́ńbà ńlá kankan mọ́. Ẹ ní kí ọmọ ka ohun tó kù láti ibi tí ọwọ́ wà títí dé méjìlá: níbi mẹ́jọ, ó ku ogún ìṣẹ́jú, níbi mẹ́sàn-án, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, níbi mẹ́wàá, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibì kan ṣoṣo tí nọ́ńbà ojú aago àti orúkọ ìṣẹ́jú ti bára mu nìyẹn, àwọn ọmọ sì máa ń pariwo nígbà tí wọ́n bá fojú ara wọn rí i. Ẹni tó bá lè kà dé ọgbọ̀n lè sọ gbogbo aago tó wà láyé: ìdajì àkọ́kọ́ ń "kọjá", ìdajì kejì ń "ku". Ọmọ tó bá gbọ́n yóò fi èyí bẹ̀rẹ̀, àwọn nọ́ńbà gígùn yóò sì wá bá a níwájú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Ọmọbìnrin kan dúró níwájú aago kíláàsì nígbà tí ọwọ́ gígùn wà lórí mọ́kànlá, tí ọwọ́ kúkurú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo mẹ́ta mọ́lẹ̀. Ó ní, "Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta." N kò sọ fún un pé ó ṣì í. Mo bi í pé, "Ṣé bàbá àgbà ti dé ọ̀dọ̀ mẹ́ta?" Ó gun orí àga, ó fi èékánná wọn àlàfo bíńtín tó wà láàárín ọwọ́ náà àti nọ́ńbà, ó ní, "Kò tí ì dé, Àǹtí." "Ibo ló ti ń bọ̀?" "Ọ̀dọ̀ méjì." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún wo ọwọ́ gígùn, ó wá ní, "Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́ta lù." Àlàfo bíńtín yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà, kò sì sí bí ọmọ ṣe lè rí i bí kò bá jẹ́ pé ó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wo ọwọ́ kan ṣoṣo.

Aago kì í ṣe wákàtí

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì níbí, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ dà wọ́n pọ̀. Aago mẹ́ta ni ìgbà tó dé. Wákàtí mẹ́ta ni bó ṣe pẹ́ tó. Ọmọ tó bá sọ pé òun "sùn fún aago méjì", ẹ tún un ṣe fún un lójú ẹsẹ̀.

Ìṣòro tó wà nínú kíka wákàtí ní ìtàn. Ẹ bi ọmọ pé wákàtí mélòó ló wà láti aago mẹ́jọ sí aago méjìlá, yóò ka ìka rẹ̀: mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mọ́kànlá, méjìlá, ó di márùn-ún. Àwọn baba wa kò ní bá a jà. Báyìí gan-an ni wọ́n ṣe ń ka ọjà: ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni ọjà ọrún ń bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n pè é ní ọrún nítorí pé wọ́n ka ọjọ́ ọjà tòní àti ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Aago ní tirẹ̀ kì í ka ibi tí a dúró sí, ìṣísẹ̀ ló ń kà. Nítorí náà, ẹ fi ẹfun ìkọ̀wé ya aago ńlá sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní àgbàlá, kí ọmọ dúró sórí mẹ́jọ, kó máa fò, kí ẹ sì jọ ka iye ìgbà tó fò kó tó dé méjìlá. Mẹ́rin ni. Lẹ́yìn fífò bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìka á dẹ́kun títàn wọ́n jẹ.

Aago fóònù kò burú, àmọ́ kó má jẹ́ òun ni yóò ṣáájú. Ọmọ tó bá rí 7:45 lè ka nọ́ńbà náà bí omi, síbẹ̀ kó má mọ̀ pé aago mẹ́jọ ti kan ilẹ̀kùn. Ẹ máa gbé aago páálí sí ẹ̀gbẹ́ fóònù, kí ẹ sì ní kó yí ọwọ́ rẹ̀ títí àwọn méjèèjì yóò fi sọ ohun kan náà.

Fún àwọn tó wà lókè òkun tí ọmọ wọn ń bá Màmá àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, aago méjì lára ògiri dára ju àlàyé lọ, ọ̀kan fún ibi tí ẹ wà, ọ̀kan fún ilé. Nàìjíríà kì í yí aago padà láàárín ọdún, ṣùgbọ́n Bìrìtìkó ń yí i, nítorí náà láti ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹwàá, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Ìbàdàn ń sọ ohun kan náà, nígbà tí ti Lọ́ńdọ̀nù ń fi wákàtí kan rìn lẹ́yìn ní àwọn oṣù tó kù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ yí aago ní ọjọ́ ìyípadà náà. Nílé níbí pàápàá, ọmọ tó bá ti dàgbà díẹ̀ yóò fẹ́ gbọ́ pé ẹni tó bá ti Benin kọjá sí Togo yóò dá aago rẹ̀ padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ bíi mélòó kan péré ló gbé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá aago ti yé ọmọ, ẹ má kàn máa bi í pé aago mélòó ló lù. Ẹ rán an níṣẹ́ tí aago wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ pé, "Bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù, wá jí mi," kí ẹ sì sùn lóòótọ́. Ó lè jí yín ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má bínú, ẹ jọ lọ wo bàbá àgbà lára ògiri, kí ẹ sì padà lọ sùn. Lọ́jọ́ kan, ẹ ó sọ fún un pé ẹ ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀rọ̀ yóò sì gùn láàárín ẹ̀yin àti aládùúgbò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ẹ bá wọlé, ọmọ yóò ti dúró dè yín nídìí aago: "Mọ̀mí, orí méjì ni ọwọ́ gígùn wà nígbà tí ẹ jáde. Ó ti dé méje."